Bàbá Réwáyà ọ̀nà Ìkìrun, ẹni tó rí ohun tí kì í jẹ́ kí Prelude mi gbaná lọ́sàn-án

Kò sí pátákó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Táyà àlòkù kan ló gbé ti ògiri, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ RE-WIRE sí i lára, òjò sì ti fọ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn dànù. Tí ẹ bá ń ti ìgboro Òṣogbo bọ̀ sí ọ̀nà Ìkìrun, tí ẹ sì ń sáré, ẹ máa kọjá rẹ̀ ni. Iṣẹ́ iná mọ́tò ló ń ṣe, Bàbá Réwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa pè é níbí. Mo ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ní mọ́tò àtijọ́, pàápàá àwọn onílẹ̀kùn méjì bíi tèmi, tí mọ́tò ń yí tí kò gbaná. Ohun tí mo fi ń yìn ín kò ju ẹyọ kan lọ: bàbá yìí kì í ní kí èèyàn lọ ra nǹkan kan àfi tó bá ti fi han èèyàn lójú ara rẹ̀ pé nǹkan ọ̀hún ti kú. Ó máa fi mítà wọ̀n ọ́n, ó máa fi iná dán an wò, ẹ̀yin náà á sì wà níbẹ̀ tí ẹ ó máa wò ó. Owó tí mo ti ná kí n tó mọ̀ ọ́n ló jẹ́ kí n mọ̀ pé irú wọn ò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú mọ́tò tó jẹ́ ná. Honda Prelude 1994 ni, pupa. Àwọn èèyàn a máa bi mí pé ṣé ti ọkọ mi ni. Tèmi ni o. Iṣẹ́ irun ni mò ń ṣe ní Òkè-Fìà, owó irun ni mo fi rà á, ọkọ mi gan-an kì í fẹ́ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọdún 1978 ni Honda kọ́kọ́ gbé Prelude jáde, wọ́n ṣe é títí di 2001, wọ́n dáwọ́ dúró, ó di 2025 kí wọ́n tó tún fi orúkọ náà sára mọ́tò tuntun tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀. Tèmi jẹ́ ìran kẹrin, èyí tí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ́ gbọọrọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.2 ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe oní-VTEC tí àwọn ọmọkùnrin máa ń pariwo rẹ̀, kò sì dùn mí. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé kò ní kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá) lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan bíi ti mọ́tò òde òní. Distributor kan ṣoṣo ló ń pín iná fún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kọ́ìlì wà nínú rẹ̀, igniter tó ń já iná fún kọ́ìlì wà nínú rẹ̀, àwọn sensor tó ń sọ ibi tí ẹ́ńjìnnì yí dé náà wà nínú rẹ̀. Ẹ wá wò ó: ẹyọ kan tó bá ṣàìsàn níbẹ̀, mọ́tò ò lọ síbì kankan.

Àìsàn tirẹ̀ sì ní àkókò. Láàárọ̀, bí mo bá ṣe fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti gbaná. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà á lọ ra attachment ní Orísunbáre, tí mo pa á sínú oòrùn, tí mo nájà tán tí mo padà dé, ó di kó máa yí, kó máa yí, kó má gbà. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi tutù, ẹ padà wá, ó gbaná bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é rí. Nígbà mìíràn, orí ìrìn ló ti ń kú. Abẹ́ fláíóvà Ọlá-Ìyá ló ti dójú tì mí jù lọ: ọwọ́ aago RPM, èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí, já wálẹ̀ sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́tò ò tilẹ̀ wúkọ́, àwọn ọlọ́kadà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi dárúkọ ìyá mi.

Mẹkáníìkì tí mò ń gbé e lọ bá tẹ́lẹ̀ (mi ò ní dárúkọ, ìyàwó rẹ̀ ń ṣe irun lọ́dọ̀ mi) kọ́kọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ wáyà púlọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ pọ́ńpù epo, ₦38,000. Gbogbo rẹ̀, àárọ̀ ló ń ṣe é, àárọ̀ sì ni mọ́tò náà kì í ṣàìsàn. Tó bá ti pààrọ̀ nǹkan tán, á ṣáná sí i, á gbà, á ní, “Màdámù, ó ti parí.” Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo tún wà lẹ́bàá títì. Ìgbà tó wá sọ pé brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló kù, ₦95,000, ni mo bá gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn sọ fún mi pé main relay ni. Ẹni yẹn ò parọ́, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe àrùn tèmi ni. Ẹ̀yin tó ń wa Honda àtijọ́, ẹ ti máa gbọ́ ọ rí: réléè kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń gbé iná fún pọ́ńpù epo, tó bá ti pẹ́, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o mọ́ra nínú máa ń là, bí inú mọ́tò bá ti gbóná, ibi tó là á ṣí, pọ́ńpù ò ní rí iná. Àmì rẹ̀ jọ tèmi gan-an, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sáré lọ rà á láìwádìí. Ó sì rọrùn láti mọ̀ tó bá jẹ́ òun tàbí kì í ṣe òun, bí ẹ ṣe máa rí i níwájú.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Réwáyà, kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Orí bẹ́ńṣì ló jókòó sí tó ń jẹ ẹ̀pà, ó wá ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

“Ṣé ó ń yí, àbí ó kàn ń dún ká?”

“Ó ń yí, Bàbá. Ó ń yí dáadáa.”

“Tó bá kú lórí ìrìn, ṣé ó máa ń wúkọ́, kó máa fà ṣẹ́yìn, kó tó kú? Àbí ó kàn kú pátá?”

“Ó kàn kú ni. Bí ẹni pé ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ padà mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ni wọ́n ti bá yín pààrọ̀?”

Mo kà á fún un. Kò bú ẹni tó ṣe é, ó kàn mi orí, ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé mọ́tò tí epo bá ń wọ́n kì í kú lójijì, ó máa ń là kàkà díẹ̀ kó tó kú. Èyí tó bá kú bí iná NEPA, iná ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Ó tún bi mí bóyá wọ́n ti yọ orí bátìrì láìpẹ́. Mo ní rárá. Ó ní kí Ọlọ́run ṣe é lóore, nítorí pé tí wọ́n bá yọ bátìrì, ohun tí brain box ti kọ sílẹ̀ á parẹ́, ó sì fẹ́ kà á.

Kó tó dìde, ó sọ owó àyẹ̀wò: ₦10,000. Tó bá rí i, ẹ ó san án. Tí kò bá rí i, ẹ ó san án. Ojú mi báyìí ni ọkùnrin kan ṣe bínú gbé Camry rẹ̀ lọ nítorí gbólóhùn yẹn. Tèmi ni pé ẹni tí kì í gba owó àyẹ̀wò, inú spare parts ni yóò ti yọ owó rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ iye tó jẹ́.

Ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, kí n má yí i kọjá ibẹ̀. Iná check engine yọ, ó tàn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ó kú. Lásìkò kan náà, láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún níbi tí táńkì wà, a gbọ́ tí pọ́ńpù kùn, hùnnn, òun náà sì dákẹ́. “Ẹ gbọ́ ọ? Réléè yín ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ara mọ́tò ṣì tutù, a ó tún gbọ́ ọ tó bá gbóná.” Ó fi mítà kan bátìrì, ó ka fóòtì (volt) 12.5. Ó ní kí n yí i, ó wálẹ̀ sí 10.4. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti wálẹ̀ kọjá 9.6, ó ní bátìrì ò jẹ̀bi.

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó ṣe é fún mi rí. Ó nu ọwọ́, ó wọ mọ́tò, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n máa wà á lọ. A wà á wọ ìgboro, a yí padà ní Ọlá-Ìyá, AC ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ooru ẹ́ńjìnnì sì dúró síbi tó yẹ kó dúró. Nígbà tí a dé, ó ní kí n pa á sínú oòrùn gangan, kí n má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àlàyé rẹ̀ ni pé tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì, omi ò yí mọ́, atẹ́gùn ò fẹ́ wọlé mọ́, gbogbo ooru tó wà lára irin á máa gòkè wá bá ohun tó wà lókè. Fún ìgbà díẹ̀, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì máa ń gbóná ju ìgbà tí ẹ ń wà á lọ. Distributor Honda yìí sì so mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ gan-an ni ooru ń bá a.

A tún gbìyànjú rẹ̀. Ó yí, kò gbaná. Inú mi dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ṣàìsàn lójú oníṣègùn.

Láti ìgbà yìí ni ó wá ń yára. Kọ́kọ́rọ́ sí ON: pọ́ńpù kùn, iná yọ, iná kú. Réléè bọ́ nínú ẹjọ́. Ó yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó tutù fún epo, ó gbé e sí mi nímú kí n gbóòórùn rẹ̀. Epo ń dé, iná ni kò dé. Ó ní púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ kan tó ti so irin mọ́ lára, ó fi kọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì, ó há irin yẹn mọ́ ara ẹ́ńjìnnì dáadáa, ó lé àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá fi ọwọ́ dì í mú kó máà sọ pé òun ò kìlọ̀. Mo yí i. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Dúdú.

“Ẹ má wo ojú mi, ọwọ́ RPM ni kí ẹ wò. Ẹ yí i.”

Nígbà tí mọ́tò tutù láàárọ̀ yẹn, ọwọ́ aago yẹn máa ń gbọ̀n díẹ̀ tí mo bá ń yí i kó tó gbaná. Ní báyìí, ó sùn sórí òdo, kò mira. Bàbá ní nínú mọ́tò yìí, igniter ló ń rán iṣẹ́ sí aago yẹn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí aago sùn, ó ní nínú ìdá mẹ́wàá ọkàn òun ti lọ sọ́dọ̀ igniter ní ìdá méje, ó ku mẹ́ta. Ìdá mẹ́ta yẹn ló sì fi ìyókù ọ̀sán wá, ìyẹn ni mo fi ń sọ fún yín pé owó rẹ̀ tọ́ sí i.

Ó fi iná tẹ́sítà kan wáyà dúdú aláyélò tó wọ distributor: ó mọ́lẹ̀ rekete, ìyẹn ni pé iná ń dé láti ẹnu kọ́kọ́rọ́. Ó wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò, ó wá ẹnu wáyà kékeré olóríméjì kan tí kò so mọ́ nǹkan kan, ó fi wáyà ṣóńṣó so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ sí ON kí n máa ka bí iná check engine ṣe ń ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú gígùn kan, ó ṣẹ́jú kúkurú márùn-ún. Ó tún dúró, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Gígùn jẹ́ mẹ́wàá, kúkurú jẹ́ ẹyọ: 15. Nínú Honda ìgbà yẹn, 15 ni wàhálà lórí iná tó ń jáde lọ sí igniter. Ó ní tó bá jẹ́ 4, 8 tàbí 9 ló yọ ni, àwọn sensor inú distributor ni ì bá fura sí, ìyẹn sì ì bá jẹ́ owó distributor odindi. Mo ronú kan ẹni tó fẹ́ gba ₦95,000 lọ́wọ́ mi láìyọjú wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ó wọn kọ́ìlì pẹ̀lú. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ 1 ohm, apá kejì bí 14,000. Ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé àjákù kan tí epo dúdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán, ó ní kọ́ìlì dára.

Mo rò pé ó ti parí, pé kó ní kí n lọ ra igniter. Rárá o. Ó ní, “Màdámù, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?” Mo ní iṣẹ́ irun. Ó ní, “Ẹ lọ mú dráyà wá.”

Nígbà tí mo fi máa dé láti Òkè-Fìà, wọ́n ti fi mọ́tò sábẹ́ ibòji, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, ara rẹ̀ ti rọ̀. Ó ti ṣí ìdérí distributor, ó ti yọ rotor, igniter náà sì wà níta gbangba, pẹlẹbẹ dúdú kékeré kan tí kò ju ìdérí ìpara lọ. Ó so wáyà kan láti ẹnu kọ́ìlì mọ́ ara irin kí iná má baà ṣáko nínú kọ́ìlì kó bà á jẹ́, ó wá fi tẹ́sítà há ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì tí igniter ń já. Mo yí i. Iná tẹ́sítà ń ṣẹ́jú, pẹ́-pẹ́-pẹ́-pẹ́, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Ó dára.

NEPA ò mú iná wá. Ó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀, bí mo ṣe tan dráyà báyìí, ó wúkọ́, ó kú. Wọ́n ní kí la fẹ́ fi dráyà 1,200 watts ṣe lórí ìyẹn. A bá lọ bẹ oníwẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, a fa wáyà láti orí jẹnẹrétọ̀ ńlá rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo mú dráyà dání, nítorí pé àwọn ọmọ yẹn ń fi í sún mọ́ ọn jù, mo sì mọ bí atẹ́gùn gbígbóná ṣe ń jó nǹkan. Mo ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lórí igniter yẹn bí mo ṣe ń ṣe sórí oníbàárà tí awọ orí rẹ̀ rọ̀. Bàbá ní, “Ẹ yí i.” Ọmọṣẹ́ kan yí i. Tẹ́sítà ṣẹ́jú. Mo tún fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó yí i. Tẹ́sítà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó wá tàn gbá, kò ṣẹ́jú mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, iná dúró sójú kan.

Ariwo ta. Oníwẹ́dà pàápàá ti ṣí gíláàsì ojú rẹ̀ sókè tó ń wò.

Bàbá ò bá wa yọ̀. Ó ní kí n pa dráyà, kí a fi pálí fẹ́ ẹ. Nígbà tó tutù, a yí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó ní kí n tún fi dráyà sí i. Ó tún dákẹ́. Ìgbà yẹn ló tó jókòó, ó ní, “Ẹ lọ ra igniter.”

Ó wá sọ iṣẹ́ tí nǹkan yẹn ń ṣe fún mi, ó sì yé mi ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí YouTube. Kọ́ìlì ò lè fi fóòtì méjìlá ta iná. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa já iná yẹn fún un lójijì. Ìgbà tí wọ́n bá já a ni agbára inú kọ́ìlì á fò jáde lọ sẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Lórí Peugeot 504 tí òun fi kọ́ṣẹ́, àwọn tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, contact ló ń já a, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa dé, ẹ lè fi ojú rí i, ẹ lè fi sáńdípépà họ ọ́. Igniter ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n kò ní irin tó ń mira, inú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà, tó bá ti darúgbó, ooru á máa mú un sùn. Ó ṣàárò 504 fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìtàn 504 tí ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè sá fún un.

Ọ̀rọ̀ rírà á: kò sí ojúlówó ní Òṣogbo lásìkò yẹn, àwọn tuntun tí wọ́n kó sínú páálí dídán ni wọ́n ń nà sí mi. Bàbá ní ká fi wọ́n sílẹ̀, pé tòkunbọ̀ tó ti ara distributor Honda wá sàn ju tuntun tí a ò mọ bàbá rẹ̀ lọ. Ó rán ènìyàn lọ sí Gate ní Ìbàdàn, ₦30,000, pẹ̀lú àdéhùn pé a lè dá a padà. Kí wọ́n tó dè é mọ́ ibi tó yẹ, dráyà tún jáde; èyí ò sùn. Bákan náà ló ṣe yọ púlọ́ọ̀gì tí ẹni àkọ́kọ́ rà fún mi wò. Nọ́ńbà tó wà lára wọn parí sí 11, ní ti NGK ìyẹn túmọ̀ sí àlàfo 1.1 mm, ṣùgbọ́n nígbà tó fi wọn àlàfo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ayédèrú ni wọ́n fi gba owó lọ́wọ́ mi. Ó tún àlàfo wọn ṣe ná, ó ní kí n máa wá ojúlówó lọ díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kó tó tú distributor kúrò, ó fi ìṣó họ ilà sí ara rẹ̀ àti ara ẹ́ńjìnnì kí ó lè padà sí ojú ibi tó wà, nítorí tí ó bá yẹ̀ díẹ̀, timing (àkókò tí iná ń dé ẹnu púlọ́ọ̀gì) ti yẹ̀ nìyẹn. Ó pààrọ̀ rọ́bà òrùka tí epo ẹ́ńjìnnì ń gbà jò. Ó yẹ ìsàlẹ̀ wò bóyá ìpẹtà pupa kúnná wà níbẹ̀, pé ìyẹn ni àmì tí bearing rẹ̀ fi ń tọrọ ìfẹ̀yìntì; kò sí. Ó nu ibi tí igniter máa jókòó sí mọ́ tónítóní, ó fi nǹkan funfun kan tó ń gbé ooru kúrò pa á lábẹ́. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú iná timing. Workmanship, ₦15,000. A tún wà á dé Ọlá-Ìyá, a tún pa á sínú oòrùn. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn tí a jẹ ẹ̀pà tán, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n yí i tán kó tó gbaná. Láti ìgbà náà, ooru oṣù kejì àti ìkẹta ti kọjá lórí rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà Ọlá-Ìyá ò rí ìyá mi dárúkọ mọ́.

Ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn náà wà. Kò sí ibi ìjókòó àfi bẹ́ńṣì yẹn, ewúrẹ́ sì ń bá èèyàn du ibòji. Kì í kọ rìsíìtì. Mo ní kó kọ ọ́, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí sìgá. Iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀, nítorí pé mọ́tò kan ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí owó tó máa jẹ́ kó fi tẹnì kan sílẹ̀ ṣe tiyín. Èyí tó dùn mí jù ni bó ṣe ń fi ẹ̀yìn screwdriver kan àwọn ọmọ yẹn níka tí wọ́n bá mú wáyà tí kò tọ́. Mo sọ fún un pé èmi ò kì í fi kọ́ǹbù na àwọn ọmọṣẹ́ mi, wọ́n sì ń mọṣẹ́. Ó ní irun ò lè gbé èèyàn lójijì bí iná. Èmi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kì í sì í ṣe gbogbo mọ́tò lẹ lè gbé lọ bá a. Kò ní scanner. Àwọn mọ́tò tí kò ní iná tí a lè kà lójú, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ sọ fún yín pé kí ẹ lọ ṣe scan wá. Tó bá jẹ́ Prelude 1997 sókè ni tiyín, tí iná kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mọ́tò ò mọ kọ́kọ́rọ́ yín mọ́ nìyẹn, òun kì í ṣe ìyẹn, yóò sì sọ ọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kò fẹ́ràn AC, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rédíò sí i.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí mọ́tò ṣàìsàn lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀sán ni kì í gbaná, ẹ má gbé e lọ láàárọ̀. Ẹ má yọ orí bátìrì. Ẹ kó gbogbo ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ dání, àtèyí tó kú àtèyí tó yè, nítorí pé ó máa béèrè wọn. Nínú àwọn tèmi ló ti rí i pé pọ́ńpù epo tí wọ́n yọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì wà nínú bútù mi báyìí fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí agogo bá ti lé méjìlá, ẹ ò ní bá a, ó ti lọ kírun. Ọjọ́ Sátidé ni èrò pọ̀ jù. Ọjọ́ Tuesday ni kí ẹ lọ.